Ìrẹsì Sààrì: Bí Mo Ṣe Ń Tọ́jú Oúnjẹ Alẹ́ Di Ìdájí

Inú àwẹ̀ ọdún 2024 ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi sì rí màbo kí n tó kọ́ ọ. Oṣù Mársì ni àwẹ̀ bọ́ sí lọ́dún náà, ẹni tó bá sì mọ Ìlọrin mọ bí ooru oṣù Mársì ṣe ń rí: ògiri ilé á ṣì máa gbóná títí di ọ̀gànjọ́. Mẹ́sàn-án la jẹ́ nínú ilé wa ní Òkèlele: èmi, ọkọ mi, ìyá ọkọ mi, ọmọ mẹ́rin, àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì tó ń kàwé. Kí n má baà máa jí dáná láago mẹ́ta òru, mo máa ń se ìrẹsì sààrì mọ́ ti ìṣínu. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo sọ ọ́ kalẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo bu ti ìṣínu, mo da ìyókù sínú kúlà, mo dé e pa. Èrò mi ni pé kúlà á jẹ́ kó gbóná dúró. Nígbà tí mo ṣí i láago mẹ́rin ìdájí, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Kò rùn, kò yọ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Mo tún gbé e kaná, mo da ọbẹ̀ gbígbóná lé e lórí, èéfín ń rú lára rẹ̀ nígbà tí à ń jẹ ẹ́.

A ò tíì pẹ́ tí a kírun Àsùbáà tán tí àbíkẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Kó tó di aago mẹ́jọ, ó ti di èèyàn márùn-ún. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti lé ní ọdún 70, ò lè dìde lórí ẹní. Ilé ìwòsàn la bá ara wa, ORS, iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń bì, ni wọ́n sì kọ́kọ́ fún wa, ìdì kan nínú omi mímọ́ lítà kan, kí á máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá kò bi mí pé kí ni mo fi se ìrẹsì. Ohun tó bi mí ni pé, "Màmá, aago mélòó lẹ sọ ìrẹsì yẹn kalẹ̀, aago mélòó lẹ sì jẹ ẹ́?" Mo fi ìka ka wákàtí rẹ̀. Mẹ́wàá. Mo ní ṣùgbọ́n mo tún un gbé kaná kí á tó jẹ ẹ́. Ó ní, "Iná pa kòkòrò lóòótọ́, màá. Kò pa oró tí kòkòrò ti tu sílẹ̀."

Gbólóhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Ohun tí gbogbo wa gbà gbọ́ nílé ìdáná ni pé kò sí ohun tí iná kì í tún ṣe: oúnjẹ sùn, a gbé e kaná, ó ń fẹ́ kan, a gbé e kaná. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, mo sì rí i pé àwọn ohun kan wà tí iná kò lágbára lórí wọn rárá, ìrẹsì sì ni olórí wọn.

Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó máa ń bá ìrẹsì wá láti oko, Bacillus cereus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó máa ń sé ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo líle, bí irúgbìn tó sùn, omi híhó kì í sì í pa á nínú èèpo náà. Bí ìrẹsì bá wá lọ́ wọ́ọ́rọ́, á jí, á máa bí sí i, á máa tu oró sínú oúnjẹ. Láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà tí èèyàn bá jẹ ẹ́, èébì dé. Oró yẹn kò lóòórùn, kò sì ba adùn oúnjẹ jẹ́. Imú àti ahọ́n ni àwọn ìyá wa fi ń mọ oúnjẹ tó ti bà jẹ́, wọ́n sì wúlò fún ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n wọn ò lè mọ èyí.

Wákàtí ló yẹ kí á máa ṣọ́. Láàárín 5°C sí 60°C ni kòkòrò ti ń gbilẹ̀. Ohun tó bá gbóná ju 60 lọ, kò gbà wọ́n láyè. Inú fíríjì tó tutù dáadáa, wọn ò ní lè yára bí sí i. Oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí méjì lọ láàárín méjèèjì, bí ooru ojú ọjọ́ bá sì ti kọjá 32°C, wákàtí kan péré ni. Níbi tiwa níhìn-ín, láti Fẹ́búárì títí dé Épírì, wákàtí kan ni kí ẹ máa kà, ẹ má tilẹ̀ rántí méjì.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Bí mo bá ti bu ti ìṣínu tán, n kì í jẹ́ kí ìyókù dúró nínú ìkòkò. Mo máa ń tẹ́ ẹ sórí tíréè fẹ̀ǹfẹ̀ méjì, kó má ga ju ìka mẹ́ta tí a tò léra lọ, màá da àwọ̀n bò ó nítorí eṣinṣin, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ á sì máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èéfín á ti tán lára rẹ̀. Ìgbà náà ni mo máa ń kó o sínú abọ́ pẹlẹbẹ, màá dé e, ó di inú fíríjì. Abọ́ jíjìn kò dára fún un, odidi ìkòkò tún wá burú jù, torí àárín ìrẹsì tó ga máa ń pa ooru mọ́ bí ẹ̀yinná tí a fi eérú bò. Ẹ fọwọ́ kan òkè rẹ̀, ó ti tutù. Ẹ ti ṣíbí bọ àárín rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹni tó bá gbé ìkòkò gbígbóná odindi sínú fíríjì kò yanjú nǹkan kan, ńṣe ló kàn mú ooru lọ bá oúnjẹ yòókù níbẹ̀.

Ti ọbẹ̀ yàtọ̀. Màá gbé ìkòkò ọbẹ̀ sínú ọpọ́n ńlá tí omi tútù wà nínú rẹ̀, kí omi náà ga tó ibi tí ọbẹ̀ ga dé, màá máa rò ó láti ìsàlẹ̀. Bí omi bá ti gbóná, màá pààrọ̀ rẹ̀. Ó máa ń tó ìgbà mẹ́ta. Ìtòsí Dada tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò là ń gbé, amù kò sì wọ́n wa. Omi tó sun inú amù mọ́jú máa ń tutù ju omi ẹ̀rọ lọ, torí amù ń làágùn, òógùn yẹn ló sì ń gbé ooru lọ. Omi amù ni mo máa ń lò nígbà tí kò bá sí yìnyín.

Bí sààrì bá tó, ìwọ̀n tí a máa jẹ nìkan ni mò ń bù jáde. Ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ hó dáadáa títí dé àárín. Kì í ṣe kí etí ìkòkò kàn máa ru èéfín. Ohun tí mo bá sì ti gbé kaná lẹ́ẹ̀kan báyìí, kì í padà sí fíríjì.

Ìyá ọkọ mi kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ọbẹ̀ tí à ń gbé kaná láàárọ̀ àti lálẹ́, òun la fi tọ́ ọkọ rẹ dàgbà." Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò sì já wọn nírọ́. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà fún mi. Ata díndín ni, epo bò ó mọ́lẹ̀, omi inú rẹ̀ ti gbẹ. Orí ààrò ni ìkòkò máa ń wà, ẹ̀yinná sì wà nídìí rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kì í ráàyè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àmàlà ni wọ́n sì ń jẹ, èyí tí wọ́n ń rò tuntun nírọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan; ìrẹsì di ìgbà ọdún. Àwa tòde òní pa gáàsì, ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í tutù lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe là ń ṣe mọ́, orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù lẹ́nu wa.

Ohun tó ká wọn lára jù ni dída oúnjẹ Ọlọ́hun nù, ó ká èmi náà lára. Ìdí nìyẹn tí mo fi dín èyí tí mò ń sè lẹ́ẹ̀kan kù. Agolo mílíìkì mẹ́rìnlá ni mo máa ń sè pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, bí kò bá sí iná mànàmáná, méje fún ìṣínu, kò sí èyí tó ń ṣẹ́ kù; ní ìdájí, màá jí ní ìṣẹ́jú ogójì ṣáájú ìgbà tí mò ń jí, màá se méje mìíràn, tàbí kí á po ògì gbígbóná kí á fi àkàrà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dín mu ún. Gbẹ̀gìrì, ewédú, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀wà, mi ò jẹ́ kí wọ́n sùn síta rárá.

Ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu náà wà lára ohun tí iná kò lè tún ṣe. Oró inú wọn ń jẹ́ aflatoxin, ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. Ẹ yan án, ẹ dín in, ẹ fi ṣe kúlíkúlí, ibẹ̀ ló wà. Ní Kenya ní ọdún 2004, àgbàdo tó bu báyìí pa èèyàn 125. Nítorí náà, kí n tó yan ẹ̀pà, mo máa ń dà á sórí tíréè níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, màá ṣa gbogbo èyí tó rún, tó dúdú, tó ní ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé lára. Èyí tó bá korò lẹ́nu, ẹ tu ú dànù, ẹ má gbé e mì.

Ẹ̀wà pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń da oògùn kòkòrò dichlorvos sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC ní kí wọ́n má ta ìgò kéékèèké rẹ̀ lọ́jà mọ́, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí. Oògùn apakòkòrò kì í ṣe ohun tí a ń sè kúrò. Bí ẹ̀wà bá ní òórùn oògùn, mi ò rà á, bó ti wù kó mọ́ tó lójú. Èyí tí kòkòrò lu díẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn jù ú lọ. Bí mo bá ra púpọ̀, màá sá a kó gbẹ dáadáa, màá rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì títí dé ọrùn, màá dé e kó má sí àyè fún afẹ́fẹ́; kòkòrò inú rẹ̀ á kú fúnra rẹ̀.

Ti wàrà àti adìẹ, iná ràn wọ́n o. Ọwọ́ wa ló ń ba iṣẹ́ iná jẹ́ níbẹ̀. Àwọn ìyá Fúlàní ti se wàrà lórí iná, omi ewé bọmubọmu ni wọ́n sì fi mú un dì, ṣùgbọ́n láti ilé wọn dé ọ̀dọ̀ wa, inú oòrùn ló ti ń bọ̀, ọwọ́ púpọ̀ ló sì ti kàn án. Bí mo bá mú un délé, màá da omi rẹ̀ nù, màá fi omi mímọ́ ṣàn án, màá tún un sè nínú omi oníyọ̀ kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n tó dín in tàbí kí n dà á sọ́bẹ̀. Wàrà tútù tí iná ò tíì kàn, mi ò fún ọmọ mu. Ó lè fa ibà tí ń lọ tí ń bọ̀, pẹ̀lú oríkèé ríro.

Bí mo bá ra adìẹ ní ọjà Ìpàtà, mi ò fọ̀ ọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi mọ́. Omi tó ń ta pàrà lára rẹ̀ ló ń gbé kòkòrò lọ sórí abọ́ àti tòmátì tó wà nítòsí. Inú ọpọ́n jíjìn ni, níta, jẹ́jẹ́, màá sì fi ọṣẹ fọ ọpọ́n náà àti ọwọ́ mi. Ọ̀bẹ tó gé e kò gé àlùbọ́sà títí a ó fi fọ̀ ọ́. Ìsàlẹ̀ fíríjì ni mo ń gbé e sí, nínú láílọ́ọ̀nù tí mo so, kí omi rẹ̀ má ro sórí oúnjẹ sísè. Ó jinná nígbà tí mo bá ya itan rẹ̀ tí n kò rí ẹ̀jẹ̀ nídìí egungun.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Fíríjì tí a kò ṣí lè mú oúnjẹ tutù fún wákàtí mẹ́rin tí iná bá lọ. Fírísà tó kún, wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì, 24. Nítorí náà, mo máa ń fi ìgò omi dí gbogbo àyè tó bá ṣófo nínú fírísà, mi ò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣí i wò. Bí a kò bá sí nílé, a kì í mọ iye ìgbà tí iná fi lọ, torí ohun tó yọ́ lè tún dì padà kí á tó dé. Mo wá fi omi sínú ife ike kan, mo jẹ́ kó dì gbagidi, mo sì fi kọ́bọ̀ àtijọ́ kan tí ìyá ọkọ mi mú jáde látinú àpótí wọn lé e lórí. Bí kọ́bọ̀ bá ṣì wà lókè, yìnyín kò yọ́. Bó bá ti rì, ó ti yọ́ rí.

Ní oṣù tó kọjá, a ti Ọ̀fà dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, a bá kọ́bọ̀ ní ìdí ife. Adìẹ méjì àti ẹja ló wà nínú fírísà, wọ́n le bí òkúta, kò sí òórùn kankan lára wọn. Mo dúró, mò ń wo owó tí mo fi rà wọ́n. Ìyá ọkọ mi ló ti ẹ̀yìn mi wá, wọ́n gba ife náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n sì lọ gbé garawa ìdalẹ̀nù wá fún mi.