Bí A Ṣe Ń Dá Ọkọ̀ Amẹ́ríkà Àtijọ́ Mọ̀ Nínú Fọ́tò Ìdílé

Nínú ọ̀pọ̀ álíbọ́ọ̀mù ìdílé ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, a sábà máa ń bá fọ́tò ọmọ ilé kan tó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, tó fara ti mọ́tò ẹlẹ́nu gígùn kan, tó sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sílé. Bí ẹ bá béèrè irú mọ́tò tó jẹ́, Mustang, ọkọ̀ iléeṣẹ́ Ford, ni wọn yóò pè é. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí pé Mustang ti ọdún 1966 nìkan lé ní 600,000. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ eléré líle tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní muscle car pọ̀, àwọn kan nínú wọn sì ṣọ̀wọ́n gan-an. Fọ́tò ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó wà nílé wa ní Oǹdó, ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí, òun náà ni n ó sì fi ṣàlàyé.

Bí fọ́tò bá ti lẹ̀ mọ́ álíbọ́ọ̀mù, ẹ má fà á ya. Ẹ ki òwú tín-ín-rín bọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀ títí yóò fi ṣí. Kí ẹ tó wo mọ́tò rárá, ẹ wo etí fọ́tò tó funfun, nítorí pé àwọn ilé ìfọ̀tò Amẹ́ríkà ìgbà náà sábà máa ń tẹ oṣù àti ọdún síbẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 1969 ni wọ́n tẹ̀ sí tiwa, èyí tó fi hàn pé mọ́tò náà kò lè jẹ́ ti ọdún 1970.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọn kò tẹ fọ́tò náà sódì. Apá òsì ni ìdarí ọkọ̀ Amẹ́ríkà máa ń wà. Bí ó bá wà lápá ọ̀tún, tí lẹ́tà ara nọ́ńbà mọ́tò sì kọjú sódì, a jẹ́ pé wọ́n yí fíìmù padà ni.

Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, nítòsí bọ́ńpà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1968 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí iná kékeré tàbí gíláàsì tó ń dán wà níbẹ̀. Ó wà lára tiwa, nítorí náà ọdún méjì péré ló kù láti yàn nínú rẹ̀.

Ìwọ̀n ló sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Mo fi etí bébà kan wọn gíga táyà láti ilẹ̀ dókè, mo sì fi ìwọ̀n náà ka àlàfo tó wà láàárín ojú àárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Nínú fọ́tò tiwa, táyà mẹ́rin kò gba ibẹ̀. Ínṣì 108 ni àlàfo Mustang ìgbà náà, ti Javelin tí iléeṣẹ́ American Motors ṣe sì jẹ́ ínṣì 109. Táyà mẹ́rin á gba àlàfo àwọn méjèèjì yìí, á sì ṣẹ́kù díẹ̀. AMX, tí iléeṣẹ́ kan náà gé kúrú láti ara Javelin, ni tirẹ̀ jẹ́ ínṣì 97, èèyàn méjì péré ló sì ń jókòó nínú rẹ̀. Láti 1968 sí 1970 tí wọ́n fi ṣe é ní eléèyàn méjì, gbogbo rẹ̀ kò tó 20,000. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: fọ́tò tí wọ́n yà tààrà láti ẹ̀gbẹ́ nìkan ni ìwọ̀n yìí bá mu, nítorí pé bí mọ́tò bá kọ ìdí sí ẹ̀gbẹ́ kan, àlàfo náà á kúrú lójú, Javelin á sì jọ AMX.

Nítorí ìyẹn ni mo ṣe gbé fọ́tò náà lọ bá bàbá kan tó ń tún aago ṣe nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, tó yá mi ní awò tó ń fi sójú. Lára òpó òrùlé lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo rí àmì róbótó kan, mo sì rí M àti X nínú rẹ̀ kedere. Ìka ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló bo A.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀, nítorí pé fọ́tò aláwọ̀ ayé ìgbà náà máa ń pọ́n bó bá ti pẹ́. Bí ẹ bá ti rí orúkọ ọkọ̀ náà, ẹ fi pẹ́ńsù rírọ̀ kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò, ẹ má fi báírò kọ ọ́, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ fi dá a mọ̀ mọ́ ọn. Èyí tí mo kọ sí tiwa ni: «AMX, 1968 tàbí 1969, àlàfo táyà àti àmì ara òpó.»