Bí Mo Ṣe Wá Iye Àwọn Ọmọ Tó Ti Gba Àjẹsára Èéyi Ní Ìbàdàn

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni láti mọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ oṣù 12 sí 23, ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Ìbàdàn, ló ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi, èyí tí à ń gún fún ọmọ ní oṣù 9. Ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn kò lè dáhùn ìbéèrè yìí, nítorí iye abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ló wà níbẹ̀, kò mọ ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò gbé wá rí.

Ọ̀nà àtijọ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ ni pé kí a mú àdúgbò 30, kí a sì wá ọmọ 7 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olùwádìí a dúró láàárín àdúgbò, a yí ìgò nílẹ̀, a sì gba ibi tí ẹnu ìgò bá kọjú sí lọ, láti ilé dé ilé, títí iye ọmọ yóò fi pé. Ó yá kánkán lóòótọ́, àmọ́ ilé tó fara sin sẹ́yìn kì í sábà bọ́ sí i. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí àjọ náà gbé jáde ní 2018 pa ìyẹn tì, òun ni mo sì tẹ̀ lé.

Lẹ́yìn tí mo ti kí àwọn mọ́gàjí, tí wọ́n sì yọ̀ǹda, èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ka gbogbo ìdílé tó wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, a sì fi ẹfun kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà là ń pè ní ìdílé kan, nítorí náà agbo ilé kan ṣoṣo lè ní ìdílé bíi mélòó kan. Kọ̀ǹpútà ló wá ṣa àwọn tí a óò bẹ̀ wò. Bí a kò bá bá ìyá ọmọ nílé, a kò gbọdọ̀ yà sí ilé kejì. Ìrọ̀lẹ́ la ó padà wá, nígbà tí àwọn ọlọ́jà bá ti dé. Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni ìwádìí ti ń bàjẹ́ tàbí dára, torí ọmọ ìyá tí kì í ráyè dúró sílé lè jẹ́ ọmọ tí kò tíì gba abẹ́rẹ́.

Káàdì àjẹsára ni mo kọ́kọ́ ń béèrè, mo sì ń ya fọ́tò rẹ̀. Níbi tí káàdì bá ti sọnù, mo ń bi ìyá pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, apá ni wọ́n ti gún un àbí itan? Ṣé ó ti ń rákòrò nígbà náà?” Apá ni à ń gún ti èéyi sí, nígbà tí ọmọ sábà máa ń ti rákòrò. Ìbéèrè báyìí sàn ju pé kí n bi í bóyá ọmọ gba abẹ́rẹ́ èéyi, torí ọ̀pọ̀ ìyá kò mọ orúkọ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé ibi tí ọmọ ti sunkún.

Nígbà ìṣirò, mo fi sọ́kàn pé àwọn ọmọ àdúgbò kan náà máa ń jọra, nítorí náà èsì àwọn ọmọ tí a ṣà ní àdúgbò sí àdúgbò báyìí kò péye tó ti iye ọmọ kan náà tí a bá ṣà káàkiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ya èsì inú káàdì sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí àwọn ìyá rántí, mo sì ya abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ṣáájú oṣù 9 sọ́tọ̀ pẹ̀lú, kí ìjọba ìbílẹ̀ lè rí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ti rí.