Bí A Ṣe Ń Fi Ọgbọ́n Aristotle Tún Ìbínú Ṣe

Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gíríìsì, ọmọ ìlú Stagira tó dá ilé ẹ̀kọ́ Lyceum sílẹ̀ ní Athens (384 sí 322 ṣáájú ìbí Jésù), kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bínú. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ohun tó yẹ kó bí i nínú kò bí nínú, òmùgọ̀ ló jọ. Ohun tó ń wá ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì: ká bínú sí ẹni tó yẹ, lórí ohun tó yẹ, lásìkò tó yẹ, kó má sì pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ wá ìwé kékeré kan, pẹ́ńsùlù àti kàlẹ́ńdà ara ògiri. Bí kò bá sí ìwé, ẹ tú páálí ọṣẹ ká, kí ẹ kọ ọ́ sí inú rẹ̀. Ẹ má lo fóònù. Kí ẹ tó ṣí ibi tí ẹ fẹ́ kọ nǹkan sí, Wasáàpù á ti gbé yín lọ.

Fún ọjọ́ 7, ẹ máa kọ ìbínú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: ta ni, kí ló dé, báwo ló ṣe pẹ́ tó. Ẹ̀yìn oúnjẹ alẹ́ ni ká kọ ọ́, ká tó dìde nídìí tábìlì. Èyí ni ọ̀kan nínú tèmi: “Mọ́ńdè. Kọ̀ńdọ́ kò fún mi ní ṣéńjì, 200 náírà. Aago 8 alẹ́, mo ṣì ń jágbe mọ́ ọmọ tí kò sí nínú ọkọ̀ náà.”

Ibi tó kàn yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́: mímọ ẹ̀gbẹ́ tí a fì sí, ti ẹni tó ń tètè bínú tàbí ti ẹni tó ń di ìbínú sínú. Àwọn kan á gbọ́ “ìwọ̀ntúnwọ̀nsì”, wọ́n á rò pé ká dá ìbínú sí méjì, ká mú ìlàjì ni. Aristotle fúnra rẹ̀ ti dáhùn èyí. Bí òṣùwọ̀n oúnjẹ 10 bá pọ̀ jù fún ẹnì kan, tí 2 sì kéré jù, olùkọ́ eré ìdárayá kò ní tìtorí ìyẹn bu 6 fún gbogbo èèyàn. 6 kò lè tó Milo, ajàkadì ńlá nì, bẹ́ẹ̀ ni yóò pọ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi ti aládùúgbò wọn tiyín.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn tí kì í pariwo. Wọ́n máa ń rò pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni àwọn. Mo mọ ọkùnrin kan tó ń sọ “kò sí wàhálà” fún ìyàwó rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ tí ọbẹ̀ kò níyọ̀, gbogbo oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dà sórí tábìlì. Aristotle mọ irú wọn. Ó pè wọ́n ní oníkorò: wọ́n gbé ìbínú mì, kò hàn síta, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè bá wọn pẹ̀tù sí i, ó sì ń pẹ́ kó tó dà nínú wọn. Ó ní ara wọn àti ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́ ni wọ́n ń ni lára jù. Onínúfùfù sàn díẹ̀ lójú rẹ̀, torí ìbínú tirẹ̀ kì í pẹ́ tán.

Nítorí náà, ẹ má wo bí ariwo ṣe pọ̀ tó nínú ìwé yín. Ibi tí ẹ kọ bó ṣe pẹ́ tó sí ni kí ẹ wò. Bí ìbínú bá sùn tì yín tó sì bá yín jí, ẹ fì sí ọ̀dọ̀ àwọn oníkorò, bí ohùn yín ti wù kó rọlẹ̀ tó. Ẹ fún ẹni tí ẹ jọ ń gbélé ní ìwé náà kó kà á. Ẹ má fún ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn láti máa yìn yín.

Nígbà tí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ fa ara yín sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bí àwọn tó ń na igi tó wọ́ ṣe ń ṣe. Àfiwé Aristotle nìyẹn. Kí onínúfùfù mu ife omi kan tán kó tó fèsì. Kí ẹni tó ń dì èèyàn sínú sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, lójúkojú, kó má fi iṣẹ́ rán ẹnikẹ́ni. Ojoojúmọ́ ni o. Ilé kíkọ́ ló ń sọni di kọ́lékọ́lé, ó ní, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwà; àní ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì ń pe ìwà àti èyí tí wọ́n ń pe àṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà.

Kàlẹ́ńdà ló kù. Epictetus, ẹrú tẹ́lẹ̀ tó wá di olùkọ́ ní Nicopolis ní èyí tó lé ní 400 ọdún lẹ́yìn Aristotle, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ka ọjọ́ tí kò bínú: tẹ́lẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń bínú; lẹ́yìn náà, ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ méjì, títí dé mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹni tó bá pé 30 ọjọ́, kó rúbọ ọpẹ́ sí Ọlọ́run. Epictetus kò fẹ́ ìbínú kankan rárá. Níbẹ̀, ti Aristotle ni mo ń tẹ̀ lé, kíka ọjọ́ nìkan ni mo yá lọ́wọ́ Epictetus. Ìbínú tó kọjá ààyè nìkan là ń sàmì sí. Bí ẹ bá ṣubú, ẹ má ya kàlẹ́ńdà. Ẹ fa ìlà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ 11 ni mo tíì lò gùn jù. Pẹ́ńsùlù mi wà lórí ìṣó tí mo fi kàlẹ́ńdà kọ́.