Bí A Ṣe Kó Ìkookò Mẹ́ta Lọ sí Ọgbà Tuntun

Àwọn tó ń sìn wọ́n bí ajá ilé ni wọ́n gba àwọn ìkookò mẹ́ta tí mò ń tọ́jú lọ́wọ́ wọn. Ìkookò tí ọwọ́ ènìyàn tọ́ dàgbà kò ṣeé dá padà sínú igbó: kò kọ́ ọdẹ ṣíṣe lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sá fún ènìyàn tó bó ṣe yẹ. Ọ̀dọ̀ wa ni wọn yóò gbé dópin ayé wọn, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ibùgbé wọn fi ń jẹ mí lọ́kàn. Ìkookò inú igbó lè rin kìlómítà 30 lójúmọ́. Nínú ọgbà àtijọ́, eteetí wáyà ni àwọn tiwa ń tọ̀ yípo, títí ipa ẹsẹ̀ wọn fi di kòtò ẹlẹ́rẹ̀.

Ọgbà tuntun ní igi, ó ní òkè kékeré àti adágún omi. Kí a tó ronú kan ẹranko kankan, wáyà la kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó ga ju mítà 2.4 lọ, orí rẹ̀ sì tẹ̀ sínú, nítorí ìkookò mọ bí a ṣe ń fò àti bí a ṣe ń pọ́n nǹkan. Ti ìsàlẹ̀ ló tún ṣe pàtàkì jù. Ìdí ọgbà gan-an ni ìkookò ti máa ń walẹ̀, nítorí náà wọ́n tẹ́ wáyà sábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ó wọ inú ọgbà ní nǹkan bíi mítà kan. Ilẹ̀kùn méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà. A kì í ṣí èkejì àfi tí àkọ́kọ́ bá ti tì. Gbogbo oríkèé wáyà náà ni mo fi ọwọ́ fà wò.

Lẹ́yìn náà ló kan òórùn. Ohun tuntun máa ń ba ìkookò lẹ́rù gidigidi, koda garawa tí wọn kò rí rí lè lé wọn sẹ́yìn fún wákàtí púpọ̀. A ru koríko gbígbẹ tí wọ́n ń sùn lé àti kùkùté igi tí wọ́n ń tọ̀ sí lára lọ sí ọgbà tuntun, kí òórùn ara wọn lè ṣáájú wọn débẹ̀. Àwọn àpótí tí a máa fi gbé wọn, inú ọgbà àtijọ́ la kó wọn sí, a yọ ilẹ̀kùn wọn kúrò. A gbé ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, lẹ́yìn náà sí ẹnu rẹ̀, lẹ́yìn náà sínú pátápátá. Àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì gbà kíákíá, kò pẹ́ tí wọ́n fi ń sùn níbẹ̀. Abo àgbà kò gbà. Yóò na ọrùn wọlé, yóò já ẹran gbà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì yóò ṣì wà níta, ní ìmúrasílẹ̀ láti fò padà.

"Ẹ má tì í o," ni ọ̀gá wa máa ń sọ fún wa. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

A yẹra fún ìgbà tí akọ máa ń gun abo, tó máa ń bọ́ sí ìparí ìgbà òtútù, nítorí inú wọn kì í dùn sí ara wọn nígbà náà. A yẹra fún ìgbà ooru pẹ̀lú, torí irun wọn nípọn. A sì pinnu pé àárọ̀ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò lọ: bí a bá mú ọ̀kan kúrò láàárín ẹbí, tí ó padà wá pẹ̀lú òórùn oògùn lára, àwọn yòókù lè kọjú ìjà sí i.

Wọn kò jẹun láti alẹ́ tó ṣáájú, kí èébì má baà dí wọn lọ́nà ọ̀fun bí a bá ní láti fún wọn ní oògùn oorun. Àwọn ọ̀dọ́ wọ àpótí, a sọ ilẹ̀kùn sílẹ̀, a fi aṣọ bò ó, ó parí.

Abo àgbà dúró sókè réré, ó ń wò wá. A kò lé e. Ìkookò tí a lé máa ń gbóná, ẹ̀rù tó wà lára rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí oògùn ṣiṣẹ́ dáadáa. Dókítà ẹranko fi ẹnu fẹ́ abẹ́rẹ́ láti inú ọ̀pá oníhò, ó bà á ní itan. Oògùn oorun méjì, medetomidine àti ketamine, ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo wa dákẹ́ títí ó fi dùbúlẹ̀.

Ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, nítorí oògùn yìí kì í jẹ́ kí ojú pa dé. A fi ìpara sí i kó má gbẹ, a fi aṣọ dì í. Iṣẹ́ tèmi ni ìgbóná ara rẹ̀. Ti ìkookò sábà máa ń wà láàárín 38°C sí 39°C; tirẹ̀ ti dé 39.4°C, nítorí náà mo ń da omi sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ àti abẹ́ itan rẹ̀, mò ń wọ̀n ọ́n léraléra títí ó fi wálẹ̀. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó fún un ní àjẹsára dìgbòlugi, ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó sì rí eyín gígùn kan tó ti kán. Ìrora yẹn ti wà níbẹ̀, kò sì jẹ́ kí a mọ̀. Ìyẹn dùn mí ju ohun gbogbo lọ lọ́jọ́ náà.

Àgò kékeré kan wà nínú ọgbà tuntun, ibẹ̀ la tẹ́ ẹ sí. Dókítà kò sáré fún un ní atipamezole tó ń pa agbára medetomidine. Kò sí oògùn tó ń pa agbára ketamine, àkókò ló ń gbé e lọ. Bí a bá yára jí i, yóò jí pẹ̀lú ìdààmú. A dúró, lẹ́yìn náà ló gún un. Láìpẹ́ ó gbé orí sókè.

Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni òun àti àwọn ọ̀dọ́ sùn mọ́jú, wáyà àgò ló là wọ́n láàárín. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti múlẹ̀, a ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń tọ etí wáyà yípo bí ìṣe wọn àtijọ́, wọ́n ń tọ̀ sí gbogbo igun. Òun lọ tààrà sí kùkùté, ó gbóòórùn rẹ̀ pẹ́, ó sì gun òkè lọ. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ó ti ń gbẹ́ ihò sábẹ́ gbòǹgbò igi kan báyìí, èmi sì ń yẹ wáyà ìtòsí ibẹ̀ wò ní gbogbo àárọ̀.

Dókítà ń padà bọ̀ nítorí eyín yẹn. A ti gbé àpótí sínú ọgbà tuntun, ẹran ń wà nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, mo sì fẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé lọ́tẹ̀ yìí. Láná, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ló kù níta.