Ẹ ti ta mọ́tò, ṣùgbọ́n orúkọ yín ṣì wà nínú ìwé rẹ̀: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Àkúrẹ́ níbí, tí wọ́n bá ti ta mọ́tò, tí owó ti wọlé, wọ́n á kó kọ́kọ́rọ́ àti pátíkúlà lé oníbàárà lọ́wọ́, ó di gbére. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹni tó rà á kò bá lọ yí orúkọ padà, ẹ̀yin náà lẹ ṣì ni mọ́tò yẹn lójú ìwé ìjọba. Bó bá gbá ọlọ́kadà lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ tí dírẹ́bà sá lọ, tàbí táwọn kan fi jalè, nọ́mbà mọ́tò ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ọ̀dọ̀ yín ni yóò sì gbé wọn wá.

Òfin ò ní ẹni tó ti ta mọ́tò ló jẹ̀bi o. Ṣùgbọ́n kóòtù á kọ́kọ́ gbà pé ẹni tórúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ló ni ín, pé òun ló sì rán ẹni tó ń wà á níṣẹ́, àfi tó bá mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí yìí gan-an lọ̀pọ̀ wa kì í ní.

Ẹ wo irú rìsíìtì tá a sábà máa ń kọ: ìwé pélébé tí wọ́n ya látinú ìwé ọmọ iléèwé, "Mo ta Corolla mi fún Alhaji, owó ti pé." Kò sí nọ́mbà ṣáásí, kò sí nọ́mbà ẹ́ńjìnnì, kò sí àdírẹ́sì Alhaji, kò sí ẹlẹ́rìí. Alhaji wo? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, títí kan déètì àti aago tí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó rà á.

Ẹ má fi nọ́mbà yín sílẹ̀ lára mọ́tò. Látìgbà tí Road Safety ti gbé nọ́mbà tuntun jáde lọ́dún 2011, ẹni tó ni mọ́tò ni nọ́mbà wà fún. Ẹ tú u. Oníbàárà á ráhùn pé báwo lòun ṣe fẹ́ wà á délé. Ẹ jẹ́ kó lọ ṣe tiẹ̀ kó tó gbé e.

Ẹ má buwọ́ lùwé òfìfo fún ajẹ́ńtì kankan. Mọ́tò lè gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta kọjá lórí ìwé kan ṣoṣo yẹn. Ìwé ìnṣọ́ránsì yín náà ńkọ́? Ẹ sọ fún iléeṣẹ́ tó ṣe é pé ẹ ti ta mọ́tò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tà á tipẹ́, kò tíì bọ́. Ẹ lọ búra sí afidáfíìtì ní kóòtù, kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ṣe pátíkúlà náà, kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sórí ẹ̀dà tẹ́ ẹ máa mú lọ sílé.