Bí ẹ ṣe lè tún sikọ́ọ̀ kírẹ́díìtì yín ṣe kẹ́ ẹ tó lọ yáwó

Áńkárá ni mò ń tà l'Ọ́jà Ọba níbí ní Àkúrẹ́, ó sì ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń dá àjọ, mi ò pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ rí, òjò rọ̀ o, oòrùn ràn o, alájọ wa á jẹ́rìí mi. Lọ́dún tó kọjá mo wọ báńkì kan lọ pé kí wọ́n yá mi ní 800,000 náírà kí n fi kó ọjà ọdún. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ tẹ nǹkan sí kọ̀ǹpútà, ó wojú mi, ó ní "Mummy, gbèsè kan wà lọ́rùn yín tẹ́ ò tíì san o." Gbèsè wo? Èmi kẹ̀? Àṣé 4,500 tí mo yá lórí áàpù kan nígbà tí ọmọ ń ṣàìsàn ni, síìmù tí mo fi yá a sọnù, èmi náà sì gbàgbé. Àjọ ọdún mẹ́sàn-án ò sí nínú kọ̀ǹpútà yẹn, 4,500 wà níbẹ̀ rekete.

Láyé àwọn bàbá wa, tẹ́ ẹ bá jẹ gbèsè, wọ́n á rán ológò wá dógò tì yín, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà á máa bú yín kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. Òṣómàáló ńkọ́, á lóṣòó síbẹ̀ títí á fi gbowó ẹ̀. Ti ayé ìsinsìnyí ò pariwo rárá, wọ́n kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá nílò owó lẹ máa tó mọ̀.

Ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní kírẹ́díìtì bíúrò, mẹ́ta ni: CRC Credit Bureau, FirstCentral àti CreditRegistry. Báńkì ńlá, màíkírófáínáǹsì, àwọn áàpù lóònù, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi orúkọ wa ránṣẹ́ sí, BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì fún wa, ni wọ́n sì fi ń dá wa mọ̀, torí náà ẹni tó bá rò pé tóun bá ti yí síìmù ó parí, ara ẹ̀ ló ń tàn. Látinú ohun tí wọ́n kọ yẹn ni wọ́n ti ń yọ nọ́ńbà kan, láti 300 dé 850, òun ni sikọ́ọ̀ kírẹ́díìtì yín, bó bá ṣe ga tó ni ọkàn ẹni tó fẹ́ yá yín lówó á ṣe balẹ̀ tó.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ lọ ka ohun tí wọ́n kọ nípa yín. Òfin Credit Reporting Act ti 2017 ní ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìwé ohun tí wọ́n kọ nípa yín lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ lọ sórí wẹ́ẹ̀bù wọn, ẹ mú BVN yín dání (tẹ́ ẹ bá ti gbàgbé ẹ, ẹ tẹ *565*0# lórí síìmù tẹ́ ẹ fi ṣe é). Ẹ gbà á lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o, torí ohun tó wà lọ́dọ̀ ọ̀kan lè má sí lọ́dọ̀ èkejì, báńkì ò sì ní wo ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ má bẹ̀rù pé tẹ́ ẹ bá wo tiyín sikọ́ọ̀ yín máa já wálẹ̀, kò ní já.

Tó bá dé, ẹ fara balẹ̀ kà á. Gbèsè tẹ́ ò jẹ rí lè wà níbẹ̀, èyí tẹ́ ẹ ti san tán náà lè wà níbẹ̀ bíi pé ẹ ò san. Ẹni tó yá yín lówó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, torí òun ló fi orúkọ yín ránṣẹ́, kẹ́ ẹ so alẹ́ẹ̀tì àti sítétímẹ́ǹtì mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí bíúrò náà. Ẹ má kàn pè wọ́n lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ẹnu ò ní ìdí. Tẹ́ ẹ bá sì san èyí tẹ́ ẹ jẹ lóòótọ́, ẹ má kúrò lọ́rùn wọn títí wọ́n á fi fún yín ní lẹ́tà pé ẹ ò jẹ wọ́n mọ́. Tèmi gba oṣù méjì gbáko. Kò sì pa rẹ́ o, ó kàn yí sí pé ó ti san, àmọ́ ó pẹ́ kó tó san.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń sọ pé àwọn mọ ẹnìkan nínú bíúrò tó lè bá yín pa á rẹ́, ẹ kàn fún àwọn ní 20,000. Olè ni wọ́n, jàre.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wá gbé sikọ́ọ̀ yín sókè nìyí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Owó tẹ́ ẹ tọ́jú sí báńkì ò sọ nǹkan kan fún àwọn bíúrò, owó tẹ́ ẹ yá tẹ́ ẹ sì dá padà lọ́jọ́ tó yẹ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ yá kékeré, èyí tẹ́ ẹ lè san ká tiẹ̀ ní ọjà ò tà. Kẹ́ ẹ tó yá a, ẹ bi wọ́n, yálà kóòpù ni o tàbí àwọn gbómúlélántà tó ń gbowó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ṣé ẹ máa ń fi ríkọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí kírẹ́díìtì bíúrò? Tí wọ́n bá ní rárá, owó náà lè wúlò, àmọ́ kò ní bá yín tún sikọ́ọ̀ ṣe.

Ọjọ́ tí wọ́n máa yọwó gan-an ló ń ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Alágbàká, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ọjọ́ karùnlélógún ni lóònù ẹ̀ ń yọ, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n tàbí ọgbọ̀n lowó oṣù máa ń wọlé, ní gbogbo oṣù ni wọ́n ń kọ ọ́ pé ó pẹ́, bẹ́ẹ̀ kò jẹ kọ́bọ̀ kan mọ́gbẹ́. Ó ní kí wọ́n sún un sí ọjọ́ karùn-ún, ó tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kòkó ní Òǹdó tàbí Ìdànrè, ẹ má gba lóònù olóṣooṣù nígbà tí kòkó ò tíì gbó, ẹ sọ fún wọn pé ìgbà tẹ́ ẹ bá tà lẹ máa san.

Ẹ má béèrè lọ́wọ́ áàpù márùn-ún lọ́jọ́ kan, wọ́n á rò pé ilé ń jó, ẹ má sì fi owó áàpù kan san òmíràn. Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò, ẹ wò ó bóyá ó wà nínú àwọn tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, fọwọ́ sí. Ẹ má bá ọ̀rẹ́ yá owó lórúkọ yín láé, bó ti wù kó sunkún tó. Kẹ́ ẹ tó ṣe gárántọ̀, ìyẹn onígbọ̀wọ́, fún ẹnikẹ́ni náà, ẹ rò ó dáadáa. Láti 2020 ni CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti gbé ètò kan tí wọ́n ń pè ní GSI jáde, tẹ́ ẹ bá jẹ báńkì kan, wọ́n lè yọ ọ́ nínú àkáǹtì yín ní báńkì mìíràn.

Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní tiwọn náà, 300 sí 850 ni FICO, sikọ́ọ̀ kírẹ́díìtì tí wọ́n ń lò níbẹ̀, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ bóyá o san lásìkò. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa.

Èmi ti padà sí báńkì yẹn. 300,000 ni wọ́n fún mi, wọn ò fún mi ní 800,000, mo gbà á. Ọjọ́ kẹta oṣù ni wọ́n ń yọ tiwọn, ọjọ́ kìíní lowó ti ń wà níbẹ̀.