Bí ẹ ṣe máa mú èèyàn yín lọ gba lésà gílókómù

Gílókómù ni àìsàn ojú tó máa ń ba ìríran jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà pé irú èyí tó jẹ́. Lésà tí mò ń sọ yìí, SLT (iná tí wọ́n fi ń jẹ́ kí omi inú ojú rí ọ̀nà jáde), ti àwọn tí ojú ọ̀nà omi inú ojú wọn ṣí sílẹ̀ ni, àmọ́ tí omi ò rí ibẹ̀ jáde dáadáa. Tí ọ̀nà yẹn bá ti há, lésà ọ̀tọ̀ ni, ẹ má fi ti aládùúgbò wé tiyín. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní ẹ̀rọ ẹ̀, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó gbéra.

Lọ́jọ́ náà, kí èèyàn yín jẹun, kó lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀, kó kán oògùn ojú bó ṣe máa ń kán an àfi tí dókítà bá ní kó má kán an. Kó fọ tìróò kúrò, àwọn màmá máa bínú, ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú. Ẹ kó gbogbo ìgò oògùn ojú ẹ̀ sínú ọ̀rá dání. Awò dúdú olówó pọ́ọ́kú láti ọjà Wándò ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ti tó fún oòrùn, tí ò bá sí, akẹtẹ̀ oko náà dáa.

Lésà fúnra ẹ̀ ò le. Wọ́n á kán oògùn tí ò ní jẹ́ kó dùn ún, á gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, iná àwọ̀ ewé á máa kọ yẹ̀rì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti parí.

Wákàtí tó tẹ̀lé e ni wọ́n ti ń bà á jẹ́. Ojú àwa èèyàn dúdú sábà máa ń ní àwọ̀ púpọ̀ nínú, àwọ̀ yẹn gan-an ló sì ń fa iná lésà mu, ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọṣẹ́ fi máa ń dín agbára ẹ̀ kù, ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti 0.8 mJ (mílíjúùlù, ìwọ̀n agbára iná náà) àmọ́ tí àwọ̀ bá pọ̀ wọ́n lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 0.4. Síbẹ̀ náà tánsíọ́n ojú, ìyẹn bí omi ṣe ń ti ojú látinú, lè fò sókè lẹ́yìn wákàtí kan sí méjì, kí ẹni náà má sì mọ nǹkan kan. Àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ ló ń jẹ̀bi jù, wọ́n ti ń wo ago torí ọkọ̀, wọ́n á ní ojú ò dun àwọn, wọ́n á bọ́ sórí zém (ọ̀kadà). Ẹ má gbà! Kò sẹ́ni tí mò ń mú lọ tó máa jáde kí wọ́n tó wọn tánsíọ́n ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà ẹ̀ sínú kàánẹ́ (ìwé ìtọ́jú ẹ̀). Tẹ́ ẹ bá ní mọ̀lẹ́bí ní Àjàṣẹ́, ẹ sùn síbẹ̀. Kójú pọ́n díẹ̀ ò burú, àmọ́ tó bá ń dùn ún gan-an, tó ń bì, tójú ẹ̀ ṣú, ẹ padà lọ lóru yẹn.

Nǹkan kejì tí wọ́n fi ń bà á jẹ́ ni oògùn: kò gbọdọ̀ dá oògùn ojú dúró fúnra ẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí lésà tó ṣiṣẹ́ tán, kì í sì í dá ìríran tó ti lọ padà. Ẹni tó bá ní kò ṣiṣẹ́ lójú èèyàn dúdú, ẹ sọ fún un pé wọ́n fi wé timolol, oògùn ojú kíkán, ní Moshi ní Tansania, èsì ẹ̀ jáde ní 2021: lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan bíi 61 nínú ọgọ́rùn-ún ojú tí wọ́n fi lésà tọ́jú ló yọrí sí rere, ti oògùn jẹ́ 31. Agbára ẹ̀ máa ń rẹ̀ tó bá yá, wọ́n sì lè tún un ṣe.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá padà lọ ṣàyẹ̀wò, ẹ kó àwọn ọmọ ìyá ẹ̀ dání, torí gílókómù máa ń rìn nínú ẹbí.